Ohùn Kejì

Kí ọyẹ́ tó dé ni àrùn náà kọlù ú,
ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lórí àpótí ìdáná,
ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá mi
bí ìgbà tí àgbàlagbà gba àwo lọ́wọ́ ọmọdé.
Ẹsẹ̀ òsì lọ. Ọwọ́ òsì lọ.
Orúkọ mi náà bá wọn lọ.
"Ẹ" ló kù. "Ẹ" fún omi,
"Ẹ" fún oorun, "Ẹ" fún èmi àkọ́bí rẹ̀
tó wọ mọ́tò láti Kubwa wá sí Kafanchan
pẹ̀lú àpò oògùn àti ojú gbígbẹ.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mi ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì.
Ọjọ́ tí a sin Ìyíọlá, àbúrò mi,
ni mo pa ìwé orin dé,
mo kí Ọlọ́run pé ó dìgbóṣe.
Ṣùgbọ́n ní gbogbo àárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi
Ìyá á máa wo ẹnu ọ̀nà,
á máa fi ọwọ́ ọ̀tún gbá itan, mẹ́ta-mẹ́ta.
Mo bá tì í lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn
kọjá ojú irin tí koríko ti bò,
níbi tí bàbá mi ti ń ju àsíá
nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń wá.

Ṣọ́ọ̀ṣì náà kéré ju bí mo ṣe rántí rẹ̀.
Àwọn Yorùbá onírélùwéè ti tán níbẹ̀,
àwọn kan relé, àwọn kan rọ̀run.
Yakubu Bityong ló dúró níwájú akọrin;
kàfíńtà ni, lẹ́búlẹ́bú pákó ṣì wà nínú irun apá rẹ̀.
Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin àtijọ́ kan ní Háúsá.
Háúsá tèmi ò ju ti ọjà lọ:
mo gbọ́ Ubangiji, mo gbọ́ alheri,
ìyókù rú mi lójú.

Ìgbà náà ni nǹkan kan dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.
Mo rò pé ọmọ kan ń sunkún.
Ìyá mi ni.

Kì í ṣe orí orin ló mú. Ẹ gbọ́ mi.
Kì í ṣe ibi tí ọmọdé lè súfèé rẹ̀.
Áátò ni, ohùn kejì,
èyí tí ẹnì kan kò lè dá kọ kó dùn,
tó ń dúró lójú kan bí ẹni di àkàbà mú
kí ẹlòmíràn lè gun òkè.
Ogójì ọdún ló fi di àkàbà yẹn mú,
láàárín Mísísì Ọmọ́tóṣọ̀ọ́ àti ìyàwó sítéṣọ̀n-másítà.
Nídìí ààrò nílé, òun náà ló máa ń kọ,
tí àwa ọmọ á máa rẹ́rìn-ín pé Màmá ń ṣi orin kọ.
A ní, "Ẹ kọ tiyín sí i, ẹ ó rí i."

Wọ́n máa ń ní orin òyìnbó ń ba èdè wa jẹ́,
ó ń sọ orí di òrí, ó ń sọ ọkọ́ di ọkọ̀.
Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lónìí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tán,
orin ló kù tó dúró gbọn-in.
Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò ṣìnà:
ó sọ̀kalẹ̀ níbi tó yẹ,
ó dúró de àwọn olóhùn gíga níparí ìlà,
ó mí.

Yakubu yíjú. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí dùùrù.
Ìyá sì ń wò mí.

Mo la ẹnu. Ohùn mi ti dípẹtà.
Yorùbá ló bọ́ sí mi lẹ́nu,
kì í tilẹ̀ ṣe ẹsẹ tí wọ́n wà.

Mi ò sọ pé mo ti padà.
Mi ò rí áńgẹ́lì kankan.
Àyà mi ṣáà gbọ̀n,
bí gíláàsì fèrèsé ilé wa ti máa ń gbọ̀n
kí ọkọ̀ ojú irin tó yọ.

Nígbà tí à ń relé, mo dá kẹ̀kẹ́ dúró létí irin.
Kò sí ohun tó ń bọ̀.
Mo ṣáà dúró.